Orúkọ Tí Wàá Kọ Síbi Tí Wọ́n Ti Béèrè Ìyá Rẹ

Ṣọ́ọ̀bù mi, Ọjà Ọba, Àkúrẹ́.
Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀.

Wúràọlá, ọmọ mi,

Kí o tó ka ohunkóhun mìíràn, jọ̀ọ́ padà lọ ka ọ̀rọ̀ tó wà lókè yẹn. Ó pẹ́ kí n tó lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé àkọ́kọ́ tí mo mú, "Wúrà wa" ni mo kọ, mo fà á ya. Nínú èkejì, mo kọ "Àbúrò mi". Ọwọ́ mi ló kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Mo wò ó títí, mo wá fi ìwé náà nu òróró máṣìnnì kúrò lọ́wọ́ mi. Ẹ̀kẹta ló wà lọ́wọ́ rẹ yìí.

Gáùn rẹ wà nínú ọ̀rá dúdú tí ìwé yìí bá wá. Mo ti fún dírẹ́bà ní nọ́ńbà Màmá, yóò pè yín bó bá ti dé gáréèjì Oǹdó. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ká gáùn náà. Gbé e kọ́. Bí wọ́n bá ká a, ìlẹ̀kẹ̀ tí mo fi ya èso kókó sí i láyà á bẹ̀rẹ̀ sí í já lọ́kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo sì fi to ìlẹ̀kẹ̀ yẹn. Ojú mi ṣì ń ṣe bàìbàì di ìsinsìnyí.

Mo mọ̀ pé wàá ní kí ló dé tí mo ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Lórí fóònù, bí o bá ti ní "Mò ń gbọ́, Àǹtí," gbogbo ohun tí mo tò sílẹ̀ láti sọ á tú ká. Ìwọ náà mọ̀ mí. Bí mo bá ti ní "Ṣé o ti jẹun?", nǹkan mẹ́fà mìíràn ló wà lẹ́yìn rẹ̀ tí n kò lè sọ.

Ọ̀rọ̀ tí a jọ sọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ló mú mi jókòó kọ̀wé. O ní wọ́n fún gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń díje ẹwà ní fọ́ọ̀mù kan tí ẹ máa fà lé wọn lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà káǹpù ní Sátidé. O ní o ti kún un tán, ó ku ìlà kan. O wá ní, "Àǹtí, ibi tí wọ́n ti ní kí n kọ orúkọ ìyá mi, orúkọ ta ni kí n kọ?"

N kò tiẹ̀ mí sí i. Mo ní, "Kọ ti Màmá."

Mo ń gbọ́ fáànù Màmá tó ń dún kẹ̀ẹ̀kẹ̀ẹ̀ lẹ́yìn rẹ. Lẹ́yìn náà o ní, "Ó dáa, Àǹtí," o sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi sọ̀rọ̀ síìpù.

Ó lé ní ogún ọdún tí o ti ń pè mí ní Àǹtí, kò dùn mí rí bó ṣe dùn mí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn. Wúrà, ìdáhùn tí mo fún ọ kò dáa. Mo fẹ́ gbà á padà kí Sátidé tó dé. Àmọ́ n kò fẹ́ kí o kàn ṣe é nítorí pé mo ní kí o ṣe é. Mo fẹ́ kí o mọ ibi tí ìdáhùn náà ti wá, kí ìwọ fúnra rẹ wá yàn.

Ibi fáànù yẹn gan-an ni kí n ti bẹ̀rẹ̀.

O rò pé Màmá ló rà á. Màmá kọ́ ló rà á o. Èmi ni mo gbà á, níbi ìdíje ẹwà, nílùú Oǹdó níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi náà díje rí. Fọ́tò rẹ̀ wà nísàlẹ̀ àpótí Màmá, èmi ni mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má fi hàn ọ́. Nígbà tí o wá sọ fún mi pé o fẹ́ díje, tí mo jágbe mọ́ ọ pé kí o lọ wá iṣẹ́ olùkọ́ ṣe bíi tàwọn ẹgbẹ́ rẹ, o sunkún, o rò pé mo rí i bí iṣẹ́ aláìnítìjú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ló bà mí. Ohun tí ojú mi rí níbẹ̀ ni n kò fẹ́ kí o rí.

Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà yẹn. Ìwọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọmọ ọdún mẹ́ta. O mọ bí mo ṣe bí ọ, n kò ní tún gbogbo rẹ̀ sọ: kíláàsì àṣekágbá ni mo wà, bàbá rẹ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n rán wá kọ́ṣẹ́ olùkọ́ nílé-ìwé wa, ó lọ, kò padà. N kò bínú sí i mọ́. Màmá tó bí mi, tí wọ́n jẹ́ olùkọ́, tí wọ́n ń kọrin nínú kọ́áyà, tí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì mọ̀, gbé ọ mọ́ra, wọ́n ní kí n padà lọ ṣe ìdánwò mi. Mo padà, mo ṣe é.

Àwọn àbúrò mi ń pè mí ní Àǹtí Fúnmi. Ìwọ náà gbọ́ ọ lẹ́nu wọn. Lọ́jọ́ tí o kọ́kọ́ pè mí bẹ́ẹ̀, mo ń fọ àwo lẹ́yìnkùlé. Mo gbọ́ ohùn kékeré kan: "Àtí." Mo bojú wẹ̀yìn. Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀ àfi ìwọ, o di ilẹ̀kùn mú. Mo ní, "Hẹ́n?"

Hẹ́n kan ṣoṣo yẹn, Wúrà. Mo lè ní "Màmá ni wàá pè mí." N kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó rọrùn fún mi. Bí mo bá pọ̀n ọ́ lọ sọ́jà, àwọn tí ì bá fi ìdí ojú wò mí a máa ní, "Àbúrò rẹ yìí mà jọ ọ́ o." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kan ló ṣe ìdíje ẹwà náà. Mọ́kànlá ni àwa tó díje. A kún fọ́ọ̀mù, wọ́n bi wá níbẹ̀ pé ṣé a ti bímọ rí. Mo kọ RÁRÁ, mo fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́, bí ẹni pé bí lẹ́tà bá tóbi ni irọ́ náà á fi di òótọ́.

Ikùn mi ṣì rọ̀ látìgbà tí mo bí ọ. Kí n má baà hàn, mo mú ọ̀já tí mo fi ń pọ̀n ọ́, èyí tó ní àwọ̀ ewé, mo fi di ikùn lábẹ́ gáùn tí mo yá. Ọmọ àbúrò Màmá kan ló bá mi fà á. Ó fi ẹsẹ̀ ti ẹ̀yìn mi bí ẹni tó ń di ẹrù igi, ó ní, "Àǹtí Fúnmi, ẹ mí síta! Ẹ má mí sínú o!" N kò fẹnu kan oúnjẹ láti àárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú. Nígbà tí wọ́n bi mí léèrè pé kí ni màá ṣe fún ìlú bí mo bá gba adé, mo ti há ìdáhùn sórí dáadáa, lórí ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin. Mo lanu, èémí kò wá. Ohun tó jáde ni, "Màá… màá tún títì ṣe." Ọkùnrin kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Pẹ̀lú bàtà gogoro yẹn?" Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ìbàdí gáùn rẹ. O ní kí n rán an sí íǹṣì mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Èmi ni mo fi tépù wọ̀n ọ́ lóṣù tó kọjá, méjìdínlọ́gbọ̀n ni ọ́, mo sì mọ ohun tí o ń fi ẹnu ara rẹ ṣe látìgbà náà, Màmá ti sọ fún mi pé omi àti kùkúḿbà lo ń jẹ. Mo rán an sí mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, nítorí ìwọ lo ni aṣọ. Àmọ́ n kò gé e. Aṣọ òkè tí wọ́n bá ti gé níbi ìbàdí, á máa yọ òwú ni, kò sí bí wọ́n ṣe lè dá a padà mọ́, ìyẹn ni ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kò ṣe jẹ́ ká gbé àlùmágàjí súnmọ́ ibẹ̀. Mo pa á pọ̀ sínú, íǹṣì kan lápá ọ̀tún, íǹṣì kan lápá òsì. Òwú pupa ni mo fi rán gbogbo ara gáùn náà. Ibi tí mo pa pọ̀ yẹn nìkan ni mo fi òwú funfun lé, kí o lè rí i. Lọ́jọ́ tí o bá fa òwú funfun yẹn, á tú wọ́ọ́rọ́, gáùn á sì gbà ọ́ bí o ṣe wà. Jẹun, Wúrà. Pàápàá láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje, jẹun. Ohun tí wọ́n máa bi ọ́ nílò èémí.

Nínú àpò kékeré tó wà nínú ọ̀rá yẹn, wàá rí abẹ́rẹ́ mẹ́wàá, òwú oríṣiríṣi, àti pín-ìn-nì. Kì í ṣe ìwọ nìkan ni mo kó o fún.

Ìyá Délé tó ń ta síìpù àti bọ́tìnnì níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, tó ń wọ bọ́ọ̀sì wá láràárọ̀ láti Ìgbàrà-Òkè, òun náà wà lára àwa mọ́kànlá yẹn. O kò mọ̀, àbí? Lẹ́yìn ìtàgé, ó ku ẹni méjì kó kàn án, síìpù ẹ̀yìn rẹ̀ là. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ní abẹ́rẹ́?" Abẹ́rẹ́ méjì wà nínú ọrùn gáùn mi, òwú ti wà lójú méjèèjì. Mo wolẹ̀. Ó ta gèlè bo ẹ̀yìn rẹ̀ ó sì jáde bẹ́ẹ̀, wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọdún méje lẹ́yìn ìyẹn ló wá gba ìsọ̀ níwájú mi. Mo ti gbàgbé ojú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá mi sọ ni, "Ìwọ lo ní abẹ́rẹ́."

Mo ní, "Abẹ́rẹ́ wo?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ẹ wò ó, ó tún ń sẹ́ ẹ! Mo rí i tó ń dán lọ́rùn ẹ!" Títí dòní, bí abẹ́rẹ́ bá kán mọ́ mi lọ́wọ́, á ní, "Ọlọ́run kò gbàgbé o." A ti di ọ̀rẹ́, àmọ́ bí mo bá ní n kò rántí bí ọmọbìnrin yẹn ṣe jáde pẹ̀lú gèlè lẹ́yìn, irọ́ ni mò ń pa. Ní káǹpù yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá béèrè abẹ́rẹ́, fún un. Kódà bó bá dá ọ lójú pé òun ló máa gba adé, fún un, kí o sì bá a rán an, nítorí ìwọ lo mọ̀ ọ́n rán ju gbogbo wọn lọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ àwọn ọkùnrin, mo fẹ́ sọ ọ́ kíá kí ojú má baà tì mí. Lẹ́yìn ìdíje tèmi, ọ̀gbẹ́ni kan tó wọ jígí dúdú ní òun máa mú mi lọ síbi èyí tó tóbi jù ú lọ. Ó ní, "Má tíì sọ fún màmá ẹ o, jẹ́ ká kọ́kọ́ débẹ̀ ná." Mo ti di báàgì. Mo ti wà ní gáréèjì. Kì í ṣe ọgbọ́n ló dá mi padà, bọ́ọ̀sì ni kò tètè kún. Obìnrin kan nínú kọ́áyà Màmá rí mi, ó ní, "Ọmọ Olùkọ́, ṣé kò sí o? Níbo lò ń rè?" Irọ́ tó máa ń wá sẹ́nu mi wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò wá lọ́jọ́ yẹn. Mo gbé báàgì mi, mo bá a padà sílé. Ẹni tó bá ní kí o má sọ fún ìyá rẹ, gbé fóònù níwájú rẹ̀, kí o pè mí. N kò bìkítà bí oníbàárà mẹ́wàá bá dúró sí mi lórí. Má dúró máa ro orúkọ tí wàá fi pè mí, ṣáà pè.

Ó ti wá kan ibi tí mo ń sá fún látòwúrọ̀.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ kéde ẹni tó gba ipò, wọ́n to àwa mọ́kànlá sórí ìtàgé. Mo ti bẹ Màmá kí wọ́n má gbé ọ wá. Wọ́n gbé ọ wá. O rí mi, o já kúrò lẹ́sẹ̀ Màmá, o sáré wá síwájú, o ń pariwo, "Àǹtí mi! Àǹtí mi nìyẹn!" Atọ́kùn ètò náà rí i pé ó dùn ún wò, ó gbé ọ sórí ìtàgé. O rọ̀ mọ́ mi níkùn. O wá fọwọ́ kan ọ̀já yẹn lábẹ́ gáùn. O mọ̀ ọ́n lọ́wọ́. O bẹ̀rẹ̀ sí í fà á, o ń wò mí lójú, o ń sọ pé, "Pọ̀n mí. Pọ̀n mí."

Ẹ̀rín sọ. Wọn kò mọ ohun tí o ń fà. Èmi mọ̀. Atọ́kùn gbé máìkì sí mi lẹ́nu, ó ní, "Arẹwà, ta lèyí?"

Mo ní, "Àbúrò mi ni."

Pátẹ́wọ́ sọ. Ọ̀kan nínú àwọn adájọ́, obìnrin, ń nu ojú. Wọ́n fún mi ní ipò kẹta àti fáànù onídùúró kan, wọ́n ní nítorí pé mo lójú àánú sí àbúrò mi. N kò pọ̀n ọ́. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ọ̀já á hàn. Ẹnì kan gbé ọ sọ̀kalẹ̀, o ń nawọ́ sí mi.

Nínú ọkọ̀ tó gbé wa padà, fáànù wà láàárín èmi àti Màmá, o ti sùn lẹ́sẹ̀ wọn. Wọn kò bá mi wí. Wọ́n kàn ní, "Fúnmi, o ti sọ ọ́ níwájú ìlú. Bí o bá fẹ́ gbà á padà, ìwọ fúnra rẹ lo máa gbà á."

N kò gbà á. O pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, Màmá pè ọ́ jókòó, wọ́n sọ òótọ́ fún ọ. Lọ́sẹ̀ yẹn o wá sí Àkúrẹ́, o dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, o ní, "Ṣé kí n ṣì máa pè yín ní Àǹtí?" Mo ní, "Bó bá ṣe wù ọ́." Mo rò pé inú rere ni mo fi sọ ọ́, pé n kò fẹ́ fipá mú ọ. Ṣé o mọ ohun tí mo rò báyìí? Mo rò pé o dúró sẹ́nu ọ̀nà yẹn kí n lè ní rárá.

Bàbá Fẹ́mi mọ̀ látọjọ́ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ mi, n kò fi pa mọ́ fún wọn. Àmọ́ nígbà tí mo bí Fẹ́mi, gbogbo ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Ìyá Fẹ́mi, mo sì ń dáhùn, bí ẹni pé òun ni mo kọ́kọ́ bí. Lọ́dún Kérésìmesì tí o wá ràn mí lọ́wọ́, oníbàárà kan wọlé, ó ní, "Ìyá Fẹ́mi, ẹ kú iṣẹ́ o." O gbójú sókè, o wò mí, o sì padà sórí fóònù rẹ. Mo rí i. Mo ṣe bí ẹni tó ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Òwú ti wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn tí a sọ̀rọ̀ tán, mo padà sídìí máṣìnnì. Ìyá Délé gba iwájú mi kọjá, ó dúró.

"Kí ló ṣe ẹ́ tí o rán apá aṣọ mọ́ ọrùn?"

Mo sọ fún un. Ó gbé síìpù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"O ní kó kọ orúkọ ta ni?"

"Ti Màmá."

"Màmá ló rọbí ẹ̀?"

"Ìyá Délé, wọ́n á ṣírò ọdún. Wọ́n á rí i pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí nígbà tí mo bí i."

"Kí wọ́n ṣírò. Tí wọ́n bá ṣírò tán, ṣé wọ́n á dá ọmọ padà sínú ni?"

"Wọ́n á gbé e sórí fóònù, gbogbo ayé á máa kà á."

"Lánàá wọ́n gbé ewúrẹ́ tó wọ ṣòkòtò sórí fóònù, gbogbo ayé kà á, wọ́n sì lọ jẹun. Fúnmi, gbọ́ mi. Ìwọ yìí, abẹ́rẹ́ lo tún ń fi pamọ́ yẹn."

Kò fi ṣẹ̀rín lọ́jọ́ náà. Ó padà sí ìsọ̀ rẹ̀, kò bá mi sọ̀rọ̀ títí tó fi lọ wọ bọ́ọ̀sì.

Lánàá mo pe Màmá. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé lára ohun tó ń dẹ́rù bà mí ni àwọn náà. Àwọn ni wọ́n tọ́ ọ, àwọn ni wọ́n dìde sí ọ nígbà ibà. Ta ni èmi láti wá gba ìlà kan ṣoṣo yẹn lọ́wọ́ wọn? Mo ní, "Màmá, ẹ má bínú, mo fẹ́ kí Wúrà kọ orúkọ mi." Wọ́n wúkọ́ bí wọ́n ṣe máa ń wúkọ́ níwájú kíláàsì.

"Ó tó ọdún mélòó tí mo ti ń bá ẹ tọ́jú ẹ̀?"

"Ẹ ṣeun tí ẹ tọ́ ọ, Màmá."

"Mi ò sọ ti ọmọ. Ipò yẹn ni mò ń wí. Ó ti sú mi, wá gbé e." Wọ́n wá rẹ́rìn-ín. "Màmá lọmọ náà ń pè mí, kò sí ẹni tó máa gba ìyẹn lọ́wọ́ mi. Ìwọ lọ gba tìẹ."

Mo ti ń gbà á nìyí.

Wúrà, bí o bá ti fi bírò kọ orúkọ Màmá, tí ọkàn rẹ sì balẹ̀ sí i, fi í sílẹ̀. Mo bẹ̀ ọ́, má ṣe é nítorí àánú mi. Mo ti jẹ ẹ̀tọ́ rẹ tó, n kò tún fẹ́ fi ẹkún mi tì ọ́ sẹ́yìn. Àmọ́ bí ìlà yẹn bá ṣì ṣófo, ohun tí wàá kọ síbẹ̀ rèé: Olúfúnmiláyọ̀ Àjíkẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀: aránṣọ. Ibi tó ń gbé: Àkúrẹ́. Bí wọ́n bá bi ọ́ lórí ìtàgé pé ta ni ìyá rẹ, má fi oyin sí i, má sì sunkún. Ní, "Ìyá mi bí mi nígbà tó wà nílé-ìwé, màmá rẹ̀ bá a tọ́ mi, ó padà lọ ṣe ìdánwò rẹ̀, ó kọ́ṣẹ́, òun ló rán aṣọ tí mo wọ̀ yìí." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwọ kò parọ́ kankan sínú fọ́ọ̀mù tìẹ, kò sì sí ohun tó yẹ kí o bẹ̀rẹ̀ sí í parọ́ sí nítorí mi.

Bí wọ́n bá wá torí ìyẹn fi adé dù ọ́, jẹ́ kó lọ. Máa bọ̀ wálé. Bó bá sì jẹ́ fáànù ni wọ́n fún ọ, gbà á o, èyí tó wà nílé Màmá ti ń dún jù.

Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, n kò ní purọ́ fún ọ. Bàbá Fẹ́mi ti gba àyè níbi iṣẹ́, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èmi, àwọn àti Fẹ́mi, á wà nínú gbọ̀ngàn lọ́jọ́ àṣekágbá. Bí o bá rí mi, ohun tó bá wá sí ọ lẹ́nu ni kí o pè mí. Màá dáhùn.

Mo fẹ́ parí ìwé yìí sókè yẹn, àmọ́ nǹkan kan ṣẹlẹ̀ báyìí tí mo gbọ́dọ̀ fi kún un.

Nígbà tí Ìyá Délé dé láàárọ̀, mo sọ fún un pé mo ti pe Màmá, pé mo ti ń kọ̀wé sí ọ. Ó kàn ṣí ìsọ̀ rẹ̀. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sẹ́yìn, mo tẹ orí mọ́lẹ̀, mò ń kọ ọ̀rọ̀ fáànù tí o kà tán yẹn, mo gbọ́ tí ẹnì kan ń pariwo lóde.

"Ìyá Wúrà!"

Mo ń kọ lọ.

"Ìyá Wúrà o!"

Obìnrin tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, tó ń dúró de bùbá rẹ̀, ní, "Ìyá Fẹ́mi, ta ni wọ́n ń pè bí ẹni pé ilé ń jó?"

Mo ní n kò mọ̀. Wúrà, mo sọ bẹ́ẹ̀, mo ní n kò mọ̀.

Ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo tó gbójú sókè. Ìyá Délé dúró láàárín ọ̀nà, ó na òwú funfun kan sókè, ọlọ́kadà kan ń fọn fèrè sí i lẹ́yìn, kò yà fún un. Gbogbo ìlà wa ló ti ń wò. Èmi ló ń wò.

Mo dìde. Mo ní, "Hẹ́n."

Èmi ni,
ìyá rẹ,
Fúnmiláyọ̀.